Ẹ Bi Wá: Ǹjẹ́ Kòkòrò Inú Ilẹ̀ Ń Jẹ Epo Tó Jò Sí Kànga?

Lẹ́tà tó ń wọlé lórí epo tó jò sínú ilẹ̀ ti pọ̀ gan-an. Kò yà wá lẹ́nu, torí pé kànga ni ọ̀pọ̀ ilé n'Íbàdàn gbójú lé. Márùn-ún la dáhùn lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ gba àyè ju àwọn yòókù lọ, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ wọn.

Ìbéèrè láti Àgbowó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ní èsì láàbù kànga méje ní àyíká ilé epo kan tí táńkì rẹ̀ jò: ọ́síjìn, nitrate, irin, sulfate, methane, àti benzene pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn oró inú epo. Nọ́ńbà kún inú Excel mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní kí n ya àwòrán tí yóò fi hàn bóyá kòkòrò àìfojúrí ń jẹ epo náà. Irú àwòrán wo ni kí n yà?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ wá kànga kan tí epo kò dé, ní apá òkè ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣàn wá. Òun ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi tó mọ́ àti omi tí epo wọ̀ là ń wá. Nọ́ńbà kànga elépo nìkan, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè sọ ọ́ fún yín.

Ẹ má fojú díwọ̀n apá òkè. Ẹ wọn bí omi ṣe jìn tó nínú kànga mẹ́ta ó kéré tán, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí àwọn ará ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọn gíga ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan láti orí àmì kan ṣoṣo, kí ẹ wá yọ ìjìnlẹ̀ omi kúrò nínú rẹ̀. Ibi tí omi ti ga ló ti ń ṣàn lọ síbi tó relẹ̀. N'Íbàdàn, omi inú ilẹ̀ pupa tó wà lórí àpáta sábà máa ń tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àmọ́ tí omi bá ti wọ inú àpáta tó sán, ibi tí ojú sísán bá kọ sí ló ń gbà.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Kòkòrò tó ń jẹ epo nílò ohun tí yóò fi mí. Ọ́síjìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Bó bá tán, wọ́n á bọ́ sórí nitrate, lẹ́yìn náà manganese àti irin tó wà lára erùpẹ̀, lẹ́yìn náà sulfate. Nígbà tí ìwọ̀nyí bá tán, àwọn tó ń pèsè methane á gba iṣẹ́ ṣe. Nítorí náà, níbi tí jíjẹ epo bá ti ń lọ, ọ́síjìn, nitrate àti sulfate yóò dín sí ti kànga òkè, irin yíyọ́ àti methane yóò sì pọ̀ jù ú lọ. Àpapọ̀ àmì márùn-ún yìí ni kí àwòrán yín gbé jáde.

Ká mú àpẹẹrẹ. Ká sọ pé kànga òkè ní ọ́síjìn 5.0 mg/L, nitrate 20, sulfate 15, irin yíyọ́ 0.2, tí methane rẹ̀ kò sì tó 0.01 tí ẹ̀rọ láàbù lè rí. Kànga ẹ̀gbẹ́ táńkì ní ọ́síjìn 0.4, nitrate 1, sulfate 2, irin 12, methane 1.5. Tí ẹ bá da ìwọ̀nyí sórí gíráàfù bẹ́ẹ̀, nitrate àti sulfate kànga òkè ni ojú yóò kọ́kọ́ rí, methane yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, bẹ́ẹ̀ òun ló yí padà jù nínú gbogbo wọn.

Àwòrán tó bá iṣẹ́ yìí mu ni èyí tí Excel ń pè ní Radar, tó rí bí òwú aláǹtakùn: ọ̀pá márùn-ún yọ láti àárín, ohun kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀pá tirẹ̀. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni Excel ń fún gbogbo ọ̀pá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà yín di ìlọ́po. Tí kànga òkè bá wà ní ìlà 2, tí kànga elépo wà ní ìlà 5, tí ọ́síjìn wà ní B, irin ní D, fọ́múlà ọ́síjìn ni =LOG10(B$2/B5). Ẹ ṣe nitrate àti sulfate bákan náà, torí wọ́n ń dínkù. Ti irin ni =LOG10(D5/D$2), ẹ sì ṣe methane bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ń pọ̀ sí i. Àpẹẹrẹ wa yóò fún yín ní 1.10 fún ọ́síjìn, 1.30 fún nitrate, 1.78 fún irin, 0.88 fún sulfate, 2.18 fún methane. Odo túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀ sí kànga òkè, 1 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, 2 jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ẹ tẹ ọ̀pá tó ní nọ́ńbà lára, ẹ wọ Format Axis, ẹ fi -1 sí Minimum, 3 sí Maximum. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kànga òkè yóò yà bí òrùka ní odo, kànga elépo yóò sì na apá síta láti ara rẹ̀. Ẹ tò wọ́n yíká bí kòkòrò ṣe ń lò wọ́n: ọ́síjìn lókè, nitrate, irin, sulfate, methane. Kànga tí ọ́síjìn àti nitrate nìkan nà síta, etí ìṣàn epo ló sábà máa ń wà; èyí tí apá methane rẹ̀ gùn, àárín gbùngbùn ni. Ẹ fún kànga méjèèje ní òṣùwọ̀n kan náà, ẹ lẹ àwòrán kékeré kọ̀ọ̀kan mọ́ ipò rẹ̀ lórí máàpù, kí ẹ fi ọfà fa ibi tí omi ń ṣàn sí. Ọ̀gá yín yóò rí ìtàn náà kó tó ka nọ́ńbà kankan.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba àwòrán yìí jẹ́. Èkíní ni kíkọ odo síbi tí láàbù ti kọ pé òun kò rí nǹkan. Excel yóò dá #NUM! tàbí #DIV/0! padà. Ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí ni kí ẹ kọ, bí a ti fi 0.01 ṣe fún methane, kí ẹ sì fi ìràwọ̀ sí i lára. Èkejì ni nitrate. Láàbù kan lè kọ ọ́ bíi nitrate gan-an, òmíràn á kọ nitrogen inú rẹ̀ nìkan. 1 mg/L ti nitrogen yẹn jẹ́ 4.43 mg/L nitrate. Tí èsì yín bá wá láti láàbù méjì, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn àwòrán, ẹ ṣírò iye epo tí àyípadà yẹn lè gbé. Láti jẹ 1 mg benzene àti ẹgbẹ́ rẹ̀, kòkòrò ń lo nǹkan bí 3.14 mg ọ́síjìn, tàbí 4.9 mg nitrate, tàbí 4.7 mg sulfate. Bó bá jẹ́ irin ni wọ́n fi mí, 21.8 mg irin yíyọ́ ni yóò jáde, bó bá jẹ́ ti methane, 0.78 mg. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ́síjìn tó lọ jẹ́ 4.6, tó dúró fún 1.46 mg/L epo. Nitrate dúró fún 3.88, sulfate 2.77, irin 0.54, methane 1.92. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 10.6 mg/L. Ẹ ya ìpín márùn-ún yìí sórí ọ̀pá kan ṣoṣo ní àwọ̀ márùn-ún, ẹ gbé iye epo tí láàbù rí nínú omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ọ̀pá àkọ́kọ́ bá ga ju èkejì lọ dáadáa, omi yẹn ní agbára àtijẹ epo inú rẹ̀. Kò sọ bí yóò ṣe yá tó o. Ìpín irin sì sábà máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí púpọ̀ nínú irin tó yọ́ máa ń tún lẹ̀ padà mọ́ erùpẹ̀ tàbí kó pa pọ̀ mọ́ sulfide.

Ìbéèrè láti Òkè Àdó: Kànga gbígbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣí la ti ń bu omi, korobá la fi ń fà á. Ọ́síjìn wa ga ní gbogbo kànga, títí kan èyí tó ń rùn bí epo. Ṣé kòkòrò kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Bí ẹ ṣe bu omi ló fa ọ́síjìn yẹn. Omi tó ń dà láti inú korobá, tó ń ta sókè bó ti ń kan ògiri kànga, ń gba atẹ́gùn mọ́ra kó tó dé ọwọ́ yín. Ojú omi tó ṣí sílẹ̀ pàápàá ń gba ọ́síjìn látòkè, methane àti benzene sì ń gba ibẹ̀ sá lọ. Nítorí náà, nínú kànga ẹnu ṣíṣí, ẹ lè gba nitrate, sulfate, chloride àti agbára omi láti gbé iná gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ́síjìn tàbí methane ibẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Tí kò bá sí owó láti lu kànga tẹ́ẹ́rẹ́ onípáìpù fún àyẹ̀wò, ẹ sọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ títí yóò fi kù bí ìdajì mítà kó kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi páńpù kékeré fà á jẹ́jẹ́, kó má ju ìdajì lítà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kí omi gba inú ike tó dé pa, tí ọ̀pá míta wà nínú rẹ̀, kó má kan atẹ́gùn rárá. Ẹ máa ka míta ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ má bu omi àyẹ̀wò títí ọ́síjìn, pH àti agbára omi láti gbé iná yóò fi dúró sójú kan lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ọ́síjìn gbọ́dọ̀ di kíkà lẹ́nu kànga. Ẹ kò lè gbé e lọ láàbù.

Fún benzene àti methane, ìgò kékeré 40 mL ni. Ẹ kún un títí omi yóò fi wú lẹ́nu rẹ̀, ẹ dé e, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ kàn án jẹ́jẹ́. Tí hóhó atẹ́gùn bá gòkè, ẹ da á nù, ẹ bu òmíràn. Ti benzene gbọ́dọ̀ ní hydrochloric acid díẹ̀ tí yóò mú pH rẹ̀ wálẹ̀ sí 2, kó wà nínú yìnyín ní 4°C, kó dé láàbù kí ọjọ́ 14 tó pé. Nitrate kò lè dúró bẹ́ẹ̀, wákàtí 48 ni tirẹ̀. Tí iná bá lọ tí fíríìjì sì gbóná mọ́jú, ẹ má fi nitrate ọjọ́ yẹn ya àwòrán.

Ìbéèrè láti Sángo: Gbogbo kànga wa ló ní irin, àní èyí tó wà lókè pàápàá. Nitrate tiwa tún ga níbi tí epo wà. Báwo la ó ṣe túmọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ pupa wa kún fún irin, bí omi bá sì ti dàrú díẹ̀, erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni láàbù yóò kà bí irin. Ẹ sẹ́ omi irin lẹ́nu kànga níbẹ̀ gan-an pẹ̀lú ajọ̀ 0.45 µm kí ẹ tó da nitric acid sí i. Tí ẹ bá kọ́kọ́ da acid sí i, gbogbo ìpẹtà inú rẹ̀ yóò yọ́, irin kànga òkè á ga lásán, apá irin nínú àwòrán yín á sì kúrú.

Ti nitrate, ẹ wá ṣọkúàwéè. N'Íbàdàn, kò ṣọ̀wọ́n kí ihò ìdọ̀tí wà ní mítà díẹ̀ sí kànga, nitrate àti chloride sì ń ti ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi chloride sí ìlà ìsàlẹ̀ gíráàfù, nitrate sí ìlà òró, kí kànga kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì kan. Kànga tí méjèèjì jọ ga, ọ̀rọ̀ ṣọkúàwéè ni. Kànga tí chloride rẹ̀ ga tí nitrate rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló yẹ kí ẹ fura sí, nítorí kòkòrò kì í jẹ chloride, nǹkan kan sì ti jẹ nitrate náà. Ìdọ̀tí ṣọkúàwéè pàápàá jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò, ó lè jẹ ọ́síjìn kó sì pèsè methane láìsí epo níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi kànga tó wà lẹ́bàá ṣọkúàwéè tí epo kò sì dé kún tiyín, kí àwòrán tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ bàbá onílé kan ní Bódìjà: Kànga wa ń rùn bíi bẹntiróòlù láti ìgbà òjò. Ọmọ mi ní kòkòrò inú ilẹ̀ máa jẹ ẹ́ tán fúnra wọn. Ṣé kí a dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró, bàbá. Láti òní lọ, ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má sì fi wẹ̀. Síse é kò wúlò, inú ilé ìdáná yín ni oró rẹ̀ yóò dà sí. Áálọ́ọ̀mù àti kílórínì kò sì lè mú benzene kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ sínú kànga náà, kí wọ́n má sì gbé àtùpà, sìgá tàbí jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ọn. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ fún benzene nínú omi mímu jẹ́ 0.01 mg/L, imú èèyàn kò sì lè gbọ́ ọ ní ìwọ̀n yẹn. Bí òórùn bá lọ, ẹ má sọ pé omi ti mọ́. Nígbà tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fún àyíká, ṣe ìwádìí ilẹ̀ Ògóní, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n bá benzene nínú kànga tí àwọn ará Nsisioken Ogale ń mu, ó ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n WHO lọ.

Òótọ́ ni ọmọ yín sọ pé kòkòrò ń jẹ epo, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìwòran. Ìtọ́sọ́nà tí EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ lórí ọ̀nà yìí ní 1999 sọ gbangba pé ẹ gbọ́dọ̀ dí orísun epo náà, kí ẹ sì máa yẹ omi wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kọ̀wé sí NMDPRA, tó ń mójú tó àwọn ilé epo, àti ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà fún àyíká. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò tí kànga wọn wà nísàlẹ̀ tiyín lónìí.

Ìbéèrè, láti Àgbowó bákan náà: Benzene wa lọ sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá, ó tún gòkè lóṣù Kẹta. Ṣé ó ń tán àbí kò tán? A tún rí TCE, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin, ní ibòmíràn. Ṣé ọ̀nà kan náà la ó gbà yà á?

Ìdáhùn: Oṣù Kẹta kì í ṣe ẹgbẹ́ oṣù Kẹwàá. Òjò ń pò mọ́ omi, ó tún ń gbé omi sókè dé ibi tí epo ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ fi oṣù Kẹta wé oṣù Kẹta, kí ẹ sì ya chloride sí abẹ́ benzene lórí gíráàfù kan náà. Tí chloride bá ti 40 bọ́ sí 20 nígbà tí benzene ti 4 bọ́ sí 2, omi òjò ló dà á pọ̀. Tí chloride bá dúró ní 38 tí benzene bọ́ sí 2, ohun mìíràn ló mú un lọ, ẹ sì wo àwòrán òwú aláǹtakùn yín bóyá kòkòrò ni.

Ẹ ya benzene pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́ọ̀gì sí ọdún. Bí àwọn àmì bá tò lórí ìlà tó tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ lè ṣírò. Ká ní oṣù Kẹta 2021 jẹ́ 4.0 mg/L, ti 2024 jẹ́ 0.5: LN(4.0/0.5) jẹ́ 2.08, pín in sí ọdún 3, ó di 0.69 lọ́dún. 0.693 tí a bá fi ìyẹn pín jẹ́ 1, ìdajì rẹ̀ ń lọ lọ́dọọdún nìyẹn. Láti 0.5 dé 0.01 yóò tó ọdún márùn-ún ààbọ̀ ó lé díẹ̀, bí orísun epo kò bá tún ń dà sí i. Ẹ má fi èsì méjì péré kéde rẹ̀; mẹ́rin ni kó kéré jù, ní àkókò kan náà nínú ọdún.

TCE yàtọ̀ pátápátá. Kòkòrò kì í jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Chlorine kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ kúrò. TCE á di cis-DCE, á di vinyl chloride, á wá di ethene tí kò léwu. Bí ẹ bá ya wọ́n ní µg/L, wọn yóò tàn yín. Ká ní TCE ti 1,314 µg/L wá sí 131, tí DCE sì ti 97 lọ sí 969. Àpapọ̀ rẹ̀ ti 1,411 wá sí 1,100, ẹ ó sọ pé ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Ẹ wá fi ìwúwo mólékùlù pín wọn, 131.4 fún TCE, 96.9 fún DCE: 10 àti 1 ni tẹ́lẹ̀, 1 àti 10 ni báyìí, 11 µmol/L ni méjèèjì. Kò sí ohun tó lọ rárá, ó yí aṣọ padà ni. Nítorí náà, ọ̀pá tí a tò lórí ara wọn ni kí ẹ yà, ní µmol/L, ọ̀pá kan fún kànga kọ̀ọ̀kan láti orísun lọ sísàlẹ̀, pẹ̀lú vinyl chloride (62.5) àti ethene (28.05) nínú rẹ̀. Ẹ ní kí láàbù wọn ethene o, ọ̀pọ̀ kì í wọ̀n ọ́n àyàfi tí ẹ bá bèèrè. Tí DCE bá kún gbogbo ọ̀pá tí ethene kò sí, iṣẹ́ ti dúró lójú ọ̀nà. Tí vinyl chloride bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń mu kànga ìsàlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: 0.0003 mg/L ni WHO gbà láyè nínú omi mímu, ìwọ̀n tó kéré gan-an sí ti benzene.